Ẹtu Rojọ́, Ìkookò Tún Un Sọ

Nígbà tí ẹranko ṣì ń jẹ oyè, tí ènìyàn kò tíì wá kọ́ oyè jíjẹ lọ́wọ́ wọn, Kìnnìún jọba ní Igbó Arère. Ìkookò ń jẹ Ọ̀tún. Àwọn yòókù ń jẹ ohun tó bá ṣẹ́kù.

Abo kan ṣoṣo ló wà nínú ìgbìmọ̀ ọba, Àwẹ̀ró Ẹtu. Àwọn ẹranko kéékèèké ìsàlẹ̀ odò ló dìbò yàn án. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní ìjókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀, ó ní Ìkookò ń wẹ̀ ní orísun odò láràárọ̀ kí àwọn ará ìsàlẹ̀ tó bu omi mu, àti pé ọmọ Ọ̀yà mẹ́ta ti kú. Ìkookò dìde, ó fi eyín mú un létí, ó wọ́ ọ kọjá níwájú gbogbo wọn, ó sì jù ú síta. Ìdajì etí náà kù sí i lẹ́nu.

Ó ní, "Ilé ìdáná ń pè ọ́, ìyàwó!"

Àgbà mẹ́tàdínlógún ló wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ tuntun sì wọ́ lójú gbogbo wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Kìnnìún náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n níwọ̀nba, torí ọba ni.

Ẹni tó ṣu sílẹ̀ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwẹ̀ró gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ohun méjì ló ń wá: kí Ìkookò kúrò lórí odò, kí òun sì padà sí ìjókòó òun. Bí ó bá pàdánù, ìgbìmọ̀ ti tì mọ́ ọn nìyẹn, àwọn ará ìsàlẹ̀ á sì máa mu ìdọ̀tí Ìkookò lọ títí ayé.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní kóòtù Igbó Arère. Baba ńlá Kìnnìún ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ abo kì í wọ ìwé ẹjọ́ àfi tí akọ bá tún un sọ. Ọ̀rọ̀ tí akọ bá sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, òótọ́ ni, kò nílò ẹlẹ́rìí. Akọ nìkan ló jókòó ṣe òfin náà, nítorí náà gbogbo ìlú ló fọwọ́ sí i.

Erin ni adájọ́. Kò fẹ́ràn abo, kò sì fẹ́ràn akọ. Òfin nìkan ló fẹ́ràn, ó sì mọ̀ ọ́n bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ṣe mọ á-bí-dí. Òòrẹ̀ ni akọ̀wé. Ẹ̀gún ara rẹ̀ ló ń fà yọ fi kọ̀wé, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fẹ́ kọ̀wé púpọ̀.

Erin bèèrè pé, "Ta ni yóò tún ọ̀rọ̀ obìnrin yìí sọ?"

Ìmàdò ń jẹ iṣu lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ kún. Ọ̀bọ ní ọ̀fìnkìn ń da òun láàmú. Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀.

Ọkọ ní, "Àwẹ̀ró mi, ṣebí o mọ̀ pé eyín ń dùn mí."

"Láti ìgbà wo, bàbá ọmọ mi?"

"Láti ìgbà tí Ìkookò ti wọlé."

Ìkookò bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má dà wọ́n láàmú. Èmi fúnra mi á tún un sọ. Ó yá, ìyá kékeré, rò ó, ká rí nǹkan fi ṣeré."

Àwẹ̀ró rọra sọ ọ́, ó ń pe orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ẹlòmíràn. "Ìkookò ń wẹ̀ ní orísun odò. Ọmọ Ọ̀yà mẹ́ta kú. Nígbà tí Àwẹ̀ró sọ ọ́ ní ìgbìmọ̀, Ìkookò fi eyín ya etí rẹ̀."

Ìkookò sún ẹnu jọ, ó ń ju ìdí, ó sì sín ohùn rẹ̀ jẹ tínrín-tínrín: "Ìkookò ń wẹ̀ ní orísun odò! Ọmọ Ọ̀yà mẹ́ta kú o! Ìkookò fi eyín ya etí Àwẹ̀ró!"

Kóòtù dàrú fún ẹ̀rín. Ọ̀bọ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì, ó gbàgbé ọ̀fìnkìn. Nígbà tí Ìkookò rí i pé ó dùn mọ́ wọn, ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi jáárá sí i: "Etí náà sì dùn lẹ́nu!"

Àwọn àgbà ní ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Wọn kò mẹ́nu ba Ìkookò, torí olóyè ni.

Erin wo Òòrẹ̀. "O ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, olúwa mi. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn mi ń ta mí."

"Akọ ti sọ ọ́. Ìkookò jẹ̀bi. Kó kúrò lórí odò lónìí, kó má sì dé ìgbìmọ̀ mọ́. Kí Ẹtu padà sí ìjókòó rẹ̀."

"Àwàdà ni mo ń ṣe!"

"Fi ibi tí òfin ti yọ àwàdà akọ sílẹ̀ hàn mí. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń gbọ́ àwàdà akọ níbí. Gbogbo rẹ̀ la kọ."

Kìnnìún ìbá fagi lé ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ baba ńlá kan náà ni òfin àti adé ti wá.

Ẹ ó rò pé wọ́n á fa òfin burúkú náà ya. Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́jọ́ kejì, Ìmàdò sì dìde. "Òfin náà kò ní àbùkù. Títún un sọ ló kó bá wa."

Ni wọ́n bá ṣe tuntun: láti òní lọ, akọ kankan kò gbọdọ̀ sọ ohun tí abo bá ti sọ, ìbáà ṣe ní kóòtù, ìbáà ṣe ní ìgbìmọ̀. Akọ tó bá dán an wò, oyè rẹ̀ lọ. Kìnnìún fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Àwẹ̀ró nawọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin bàbá mi, ṣé òfin náà ti bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo wọn pariwo pé, "Ó ti bẹ̀rẹ̀!"

Ó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí wọ́n tọ́. "Kábíyèsí. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Kìnnìún ni ọba wa." Ó dìde, ó lọ jókòó.

Kìnnìún gbé àyà sókè, ó ń retí kí ìgbìmọ̀ gbè é. Ìmàdò lanu, ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ oyè ọrùn rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Ọ̀bọ ń wo òrùlé.

Kìnnìún ní, "Ẹ̀yin akọ, ta ni ọba yín?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.