Ìgbì Mítà Mẹ́ta ní Lánlátẹ̀

Ní ìdájí Ọjọ́ Ajé, ohùn kan jáde láti inú fóònù Tíṣà Obadiah, ó sì sọ fún un pé ìgbì òkun yóò ga tó mítà kan àbọ̀ ní ọjọ́ náà.

Lánlátẹ̀ ni Tíṣà Obadiah ń gbé.

Bí ènìyàn bá dúró ní Lánlátẹ̀ tí ó ń wá òkun, yóò kọ́kọ́ kọjá Èrúwà, yóò kọjá Abẹ́òkúta, yóò la Èkó já, yóò sì ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà kí omi iyọ̀ tó kàn án lẹ́sẹ̀. Omi tí ó pọ̀ jù lọ ní ilé Tíṣà ni èyí tí ó wà nínú àgbá dúdú lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìgbì kan ṣoṣo tí ó sì jà nínú rẹ̀ rí ni ọjọ́ tí ewúrẹ́ já sínú rẹ̀.

Tíṣà tún ohùn náà gbọ́. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin ni, ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbì òní, mítà kan àbọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti gúúsù. Oòrùn títí di agogo kan, òjò ní agogo méjì. Kí agogo méjì tó lù, kí pákó yín ti wọlé."

Ẹlòmíràn ì bá pe nọ́ńbà náà padà, kí ó béèrè ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kí ó tó fẹ̀yìn tì, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì ni pé ọ̀lẹ ló ń béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé ìṣirò kalẹ̀. Ó mú ìwé kan, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó pín in sí òpó mẹ́ta: ohun tí ohùn sọ, ohun tí ojú ọ̀run ṣe, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ náà ní agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn náà ní kò ní sí òjò. Kò sí òjò.

Ní Ọjọ́rú, ó ní òjò ń bọ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tíṣà gbé àga síta, ó di aago mú, ó jókòó dè é. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bà á ní àárín orí, níbi tí irun ti kó kúrò tipẹ́. Tó. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pátápátá kí ó tó dìde. Ìwé rin, aṣọ rin, inú Tíṣà sì ń dùn ṣìnkìn.

Ìdí tí inú rẹ̀ fi dùn tó bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ.

Láfún ni Rebecca, ìyàwó rẹ̀, ń ṣe, láfún kì í sì í gba àwàdà. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sì gbé e gun orí àpáta lọ sá. Bí oòrùn bá rí i dáadáa, a funfun bí eyín ọmọ ọwọ́. Bí òjò bá ká a mọ́ orí àpáta, a dúdú, a hu, a sì máa rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Tíṣà gbé ojú sókè, tí ó fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ pé òjò kò lè rọ̀. Òjò rọ̀. Odindi àpò méjì bàjẹ́.

Rebecca kò pariwo. Ó di àpò méjèèjì, ó tì wọ́n sí igun ilé ìdáná, ó ní oúnjẹ Bàbá Àdúràọlá ni, kò sì ní í se òmíràn fún un títí ó fi máa tán. Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti ń jẹ láfún dúdú láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ọjọ́ kẹtàlá rèé, àpò kìn-ín-ní kò tíì dé ìdajì.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀. Ohùn náà dé ní ìdájí, inú rẹ̀ ń dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ tí à ń retí ti dé. Ìgbì mítà mẹ́ta. Oòrùn láti àárọ̀ títí di alẹ́, òjò kankan kò sí. Ẹ kó pákó jáde, ẹ fi ìda pa á dáadáa. Ẹni tí kò bá tíì mọṣẹ́, kó dúró sí ẹ̀bá, kó máa wòran."

Tíṣà gbé ìwé rẹ̀ lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìdáná. Agbọ̀n ẹ̀gẹ́ mẹ́wàá tí ó ti rọ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, Rebecca sì ń rò ó bóyá kí òun sá a lónìí tàbí kí òun dúró di ọ̀la. Tíṣà ní lónìí ni. Ó fi òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn án. Ó ní iléeṣẹ́ kan tí ń rí sí ojú ọjọ́ ni ó ń ránṣẹ́ sí òun, wọn kò sì tíì parọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Rebecca wò ó. "Bàbá Àdúràọlá, ìgbì òkun ńkọ́?"

"Ti apẹja nìyẹn. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ pọ̀. Kí apẹja mú tirẹ̀, kí àgbẹ̀ mú tirẹ̀."

"Pákó wá ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ni apẹja ní. Kí ló fẹ́ fi pákó ṣe? Àwa tí à ń sá nǹkan ni wọ́n fi pákó bá wí."

"Ìda tí wọ́n ní kí á fi pa á ńkọ́?"

"Kí láfún má baà lẹ̀ mọ́ ọn."

Ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ibi tí ènìyàn lè gbá mú nínú rẹ̀ kó ní ibí ni kò dára. Rebecca wá a títí, kò rí i. Ó ní ó dára. Bí láfún òní bá gbẹ, òun yóò da àpò méjì tó wà ní igun nù, òun yóò sì gún iyán fún Tíṣà lálẹ́ òní. Bí kò bá gbẹ, agbọ̀n mẹ́wàá yìí náà yóò lọ sí igun, Tíṣà yóò sì máa jẹ ẹ́ títí di Kérésì.

Oṣù Kẹfà ni wọ́n wà.

Tíṣà yá pákó mẹ́sàn-án lọ́wọ́ káfíńtà, ó ra páálí àbẹ́là kan, ó sì jókòó tì í. Kò fi ìwàǹwára ṣe é. Ó pa pákó kọ̀ọ̀kan nígbà ogójì lọ, nígbà ogójì bọ̀, ó ń kà á. Nígbà tí ó dé orí ìkẹta, eṣinṣin kan fẹ́ bà lé pákó náà. Ó yọ̀. Ó dìde. Ó tún yọ̀. Ó wo Tíṣà, ó sì fò lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí nu omi ẹ̀rín ojú mi ná.

Àpáta tí wọ́n ń lò wà lẹ́yìn ilé wọn gan-an. Ó ga, orí rẹ̀ tẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá dagẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ títí dé àgbàlá Ìbílọlá, ìyá Kíkí, tí ń yan gàrí. Tíṣà to pákó mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sí orí àpáta, ó fi òkúta kan ti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má baà sún. Wọ́n tẹ́ láfún lé e lórí. Ó lẹ́wà. Àwọn obìnrin yòókù tí ń sá láfún kò jáde ní ọjọ́ náà. Wọ́n ti wo ojú ọ̀run, wọ́n sì padà wọlé. Tíṣà ṣàánú wọn.

Ní agogo méjìlá, ojú ọ̀run ṣú ní ìhà ìlú Ayétẹ̀.

Ìbílọlá tí ó wà nísàlẹ̀ nídìí agbada gàrí ló kọ́kọ́ rí i. Ó ké sí i pé, "Tíṣà, ẹ bojú wẹ̀yìn o."

Tíṣà kò bojú wẹ̀yìn. Fóònù ló wò. Ó tún ohùn náà gbọ́ títí dé ibi tí ó ti ní òjò kankan kò sí, ó sì juwọ́ sí Ìbílọlá pé kò séwu.

Afẹ́fẹ́ dé. Wùùùù. Fìlà Tíṣà dìde lórí rẹ̀, ó dágbére, ó kọrí sí ọ̀nà Èrúwà. Láfún bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́. Ìgbà yìí ni Tíṣà bojú wẹ̀yìn. Ó rí òjò tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí ń retí kí á fún òun láyè jókòó.

Ó sáré lọ sí ibi pákó àkọ́kọ́, èyí tí ó wà lókè pátápátá. Ó fẹ́ gbé e. Kí ó tó lè gbé e, ó yẹ kí ó yọ òkúta ìdí rẹ̀. Kí ó tó lè yọ òkúta ìdí rẹ̀, ó yẹ kí nǹkan tẹ pákó náà mọ́lẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Kò tó. Ó fi ẹsẹ̀ òsì kún un. Ó na ọwọ́, ó yọ òkúta.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ohun tí kò bá sí ohun tó dá a dúró kò ní dúró.

Yọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀.

Pákó àkọ́kọ́ lọ. Ó gbá ìkejì, ìkejì gbá ìkẹta, gbà, gbà, gbà, òkúta ń fò, pákó mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sì dá ọ̀nà sísàlẹ̀ pọ̀ bí ìdílé tí ń lọ sí ìsìn ìdúpẹ́. Tíṣà wà lórí ti àkọ́kọ́, èyí tí ó ti yọ̀ kọjá àwọn yòókù bọ́ síwájú. Ó tẹ orúnkún, nítorí pé bí kò bá tẹ̀ ẹ́ yóò ṣubú. Ó na apá méjèèjì bí àṣá. Láfún dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó ga, ó funfun, ó tẹ̀ kọdọrọ lórí rẹ̀, ó sì ń lé e bọ̀. Alángbá kan tí ń mirí lójú ọ̀nà dá orí dúró láti wò ó.

Rebecca ń gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lórí, láti wá kó láfún rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọlúàbí ni Tíṣà. Kì í pàdé ènìyàn kí ó má kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí, ó sì ti lọ.

Ó gba inú ọgbà Ìbílọlá wọlé, ọgbà náà kò sì sí mọ́. Ó gba àárín adìyẹ. Ó fẹ̀gbẹ́ kan okùn aṣọ, ó gba ìró méjì lọ. Níkẹyìn, pákó náà rọra dúró níwájú agbada gàrí, jẹ́ẹ́, bí mọ́tò tí ó dé gáréèjì. Tíṣà ṣì wà lórí ìdúró. Láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó funfun bí lékeléke, àfi ojú méjì tí ń ṣẹ́.

Ìbílọlá gbé igbá gàrí sílẹ̀. "Tíṣà," ló wí, "mélòó ni kí n wọ̀n fún yín?"

Òjò dé, ó sì ro láfún mọ́ ọn lára.

Kíkí, ọmọ Ìbílọlá tí ń kàwé ní Pólì Èrúwà, ti fi fóònù rẹ̀ ya gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Tíṣà kò bínú sí i. Ẹ̀rí ni ó kà á sí. Bí wọ́n ṣe dé ilé, Rebecca ti ń wọ́ agbọ̀n tí òjò pa lọ sí igun ilé ìdáná, Tíṣà sì bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ó ní ẹ̀bi iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bi òun. Wọn yóò fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ lójú rẹ̀. Rebecca rò ó wò. Ó ní bí iléeṣẹ́ kankan bá jẹ́wọ́ pé òun ló ní kí wọ́n fi àbẹ́là pa pákó láfún, òun yóò dárí ji Tíṣà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, títí di Kérésì.

Tíṣà fi fọ́nrán Kíkí ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí ìpè fi wọlé. Ó ṣí i sí gbangba kí ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́. Ariwo ènìyàn bí ogún ló wà lẹ́yìn ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀sán, sà. Tàófíìk lorúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ yín?"

"Kọ́ mi ní kí ni?"

"Orúnkún yẹn. Ọwọ́ yẹn. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ."

Tíṣà tún ohùn ṣe. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ orúnkún nílẹ̀. Ó ní agbọ̀n láfún mẹ́wàá ti bàjẹ́ ní Lánlátẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí pé iléeṣẹ́ wọn sọ pé òjò kò ní rọ̀, òun sì fẹ́ kí ọ̀gá ibẹ̀ bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀.



"Iléeṣẹ́ kẹ̀, Bàbá? Ẹ gbà mí. Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra nọ́ńbà yìí ni?"

Tíṣà ní Sátidé tó kọjá ni òun rà á ní Èrúwà.

Rebecca sún mọ́ fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù. "Ọmọ mi, ìbéèrè kan ni mo ní. Láfún mélòó ni ẹ̀yin náà máa ń sá lórí pákó yín?"

"Láfún kọ́, Màmá. Etíkun Èkó la wà. Àwa fúnra wa la máa ń dúró lórí pákó, tí ìgbì òkun á máa gbé wa wá sí èbúté; eré ìdárayá wa ni. Ìda ni kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa yọ̀ lórí rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wa bí òkun àti ojú ọjọ́ ọ̀dọ̀ wa níbí ṣe máa rí. Zachariah, ọ̀kan nínú wa, ló ni nọ́ńbà yẹn tẹ́lẹ̀. Ó pa á tì, wọ́n sì tún un tà fún Bàbá."

Rebecca tún di agbọ̀n mú, ó wọ́ ọ lọ sí igun, ó ní, "Títí di Kérésì."