Ogun Ọjọ́ Mẹ́ta tí Láníhùn fi Gba Òdòdó Onísálúbàtà Sílé Baba Rẹ̀

Ẹ yà lọ́nà, ẹ jẹ́ kí Láníhùn kọjá! Láníhùn ọmọ Ajétúnmọbí, ọmọ agégẹdú tí í fi àtẹ́lẹwọ́ kan èèpo igi kó tó dárúkọ rẹ̀, ọmọ ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ tí kò ta dóńgóyárò fún ẹni tó béèrè ewúro rí, kìnnìún inú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbin òdòdó sí, jagunjagun tí idà rẹ̀ jẹ́ báírò dúdú. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni akọni yìí fi ń kọ orúkọ igi sára páálí pélébé nínú ọgbà ìwádìí ewéko kan n'Íbàdàn, kò sì sẹ́ni tó fa ìlà pa ọ̀kan rí. Ọjọ́ Ẹtì ló máa fẹ̀yìn tì.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọ̀gá kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, fi báírò pupa fa ìlà pa ọ̀kan. Òdòdó onísálúbàtà kan ló dá a sílẹ̀, èyí tí ètè rẹ̀ ṣe kòtò bí iwájú sálúbàtà tí ọmọdé lè ki ìka ẹsẹ̀ bọ̀. Láníhùn kọ ọ́ pé ìdílé Firagimipídíọ̀mù ni, ará Gúúsù Amẹ́ríkà. Ṣówándé ní rárá, ìdílé Pafiopẹ́dílọ́mù ni, ará Éṣíà, nítorí pé inú páálí ẹrù kan náà ni òdòdó ọ̀hún àti àwọn ará Éṣíà jọ wà nígbà tí wọ́n dé. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ kẹ́jọ́. Bó ti wù kí igi pẹ́ nínú omi tó, kò lè di ọ̀nì. Ṣé wíwọ páálí kan náà ló wá ń sọni di ọmọ ìyá? Ó dun akọni wọ eegun, pé orúkọ tó máa kọ kẹ́yìn nínú iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n fa ìlà pupa sí.

Ẹ̀rí wà, àmọ́ inú ọrùn òdòdó ló sá pamọ́ sí, níbi tí irúgbìn ń gbé. Yàrá kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ ti Éṣíà. Ti Gúúsù Amẹ́ríkà a máa ní mẹ́ta. Abẹ nìkan ló lè ṣílẹ̀kùn ọ̀hún, òdòdó kan péré ló sì wà lórí igi. Dókítà Mopélọ́lá, ọ̀gá àgbà ọgbà, pe àwọn méjèèjì.

"Ẹni tó bá gbé abẹ sún mọ́ òdòdó yẹn nínú yín, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa fà á," ni Dókítà wí. "Aago mẹ́rin Ọjọ́bọ̀ ni mo máa fọwọ́ sí ìwé orúkọ. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ti Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ni màá fọwọ́ sí."

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Láníhùn mọ̀ pé ti Éṣíà a máa rọ sórí igi títí á fi gbẹ, pé ti Gúúsù Amẹ́ríkà a máa já bọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń dán. Òfin Dókítà kò sì mẹ́nu kan èyí tó bá já bọ́ fúnra rẹ̀. Ni baba bá gbé àga onírin lọ síwájú ìkòkò òdòdó náà, ó dó tì í bí ọmọ ogun ṣe ń dó ti ìlú olódi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òdòdó ò mira. Ọjọ́rú, ooru ilé onígíláàsì bo akọni bí ìgbà tí wọ́n ń se mọ́ín-mọ́ín, ibẹ̀ náà ló ti jẹ ẹ̀wà, ibẹ̀ náà ló ti ń ki òdòdó ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá pé kó dákun, kó wálẹ̀. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ku díẹ̀, oorun dá alágbára dùbúlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni òdòdó já, ìgbà yẹn náà ni Ìyá Rónkẹ́ agbálẹ̀ wọlé, ẹni tí í gbá ohunkóhun tó bá ti kan ilẹ̀ dà sínú agolo ìdọ̀tí láìbèèrè ìran rẹ̀. Ariwo ìgbálẹ̀ ló jí i. Láníhùn ẹni ọgọ́ta ọdún fò lórí àga, ó fi àyà balẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó na ọwọ́ méjèèjì bo òdòdó.

"Bàbá, ẹ̀yìn yín o," ni Ìyá Rónkẹ́ wí.

"Ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹ ṣáà gbé ìgbálẹ̀ kúrò."

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, abẹ gé ọrùn òdòdó sí méjì lójú Dókítà. Ṣówándé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka yàrá inú rẹ̀, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ti báírò pupa bọ àpò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí tuntun fún baba.

"Mẹ́ta ni, sà. Ẹ má bínú. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́."

Láníhùn kọ ọ́. Báírò dúdú ló lò.

Nítorí náà, ẹ̀yin òkè, ẹ̀yin odò, ìwọ òkun gbalasa tó wà láàárín àwa àti Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kó hàn sí yín láti òní lọ: ọmọ yín kan ṣìnà wọ ilé onílé n'Íbàdàn, Láníhùn ọmọ Ajétúnmọbí sì ti dá orúkọ baba rẹ̀ padà fún un. Akọni lè wá fẹ̀yìn tì lọ́la, kó lọ sinmi.