Ogójì Ọdún Ọnọ́rébù Brankel Nílé Ìgbọ̀nsẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí ènìyàn bá pẹ́ lórí imí, eṣinkéṣin á bá a níbẹ̀? Ẹ má fọwọ́ bomú, òwe lásán ni. Ọ̀pọ̀ yín rò pé ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan ló ti bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Òkè òkun ni, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin gan-an. Ọmọ Ìgbájọ kan tó ń jẹ́ Ọládòkun ló gbé e wálé.

Ọládòkun ló ń tọ́jú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aṣòfin ní Valdória, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù tó kéré débi pé bí ẹnìkan bá sín ní ẹnubodè kan, ẹni tó wà ní ẹnubodè kejì ni yóò kí i pẹ̀lẹ́. Aṣòfin mọ́kànlélọ́gọ́ta péré ni wọ́n ní. Ẹni tó pẹ́ jù nínú wọn ni Ọnọ́rébù Teodor Brankel. Ogójì ọdún ló ti lò lórí àga kan náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè sọ ohun kan ṣoṣo tó fara mọ́ tàbí tó lòdì sí.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tó ń dá. Ọwọ́ ni wọ́n ń nà dìbò níbẹ̀. Bí aago bá ti dún tán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹni tí kò bá sí lórí àga rẹ̀ ti pàdánù ìbò nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wọn ti sọ ọ́ di èèwọ̀ láti bi ẹni tó lọ ṣe gáà léèrè ìdí tó fi pẹ́. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti le, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run Brankel. Wọ́n fẹ́ fi kún owó orí: inú run ún. Wọ́n fẹ́ ti ilé ìwé: inú run ún. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bí ọdún ìdìbò bá sì dé, tọ̀tún tòsì á tún dìbò fún un. Ẹ má bínú, èmi ló ń bí nínú. A rán ènìyàn pé kó lọ bá wa sọ̀rọ̀, ó wá lọ jókòó síbi tí a kì í ti í sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ ti ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní àfonífojì Helm, ìlú Brankel gan-an, kí wọ́n lè fi ilé náà ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá tì í, aláboyún tó bá ń rọbí nígbà òtútù yóò gba orí òkè oníyìnyín kọjá fún wákàtí mẹ́rin kó tó rí agbẹ̀bí. Màmá Brigita, àgbà agbẹ̀bí ibẹ̀, ló gbẹ̀bí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Brankel bí, láti orí Lena tó jẹ́ àkọ́bí. Ó lọ bẹ̀ ẹ́. Brankel di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní jẹ́ kí wọ́n tì í. Kò sọ fún un pé òun ti ṣèlérí òdìkejì fún ẹni tó fẹ́ sọ ilé náà di òtẹ́ẹ̀lì.

Ọgbọ̀n aṣòfin fẹ́ kí wọ́n tì í, ọgbọ̀n kò fẹ́. Bí ìbò bá dọ́gba, títì ni. Brankel nìkan ló kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, ó di ikùn mú, ó gba iwájú Ọládòkun kọjá.

Ọládòkun ní, “Bàbá, inú yẹn tún ti dé?”

“Ọmọ mi, ara àgbà ni.”

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kò mọ̀ pé gbogbo aṣòfin ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wákàtí mẹ́ta kọjá, aago kò dún. Àwọn tó ti ń wá a láti ọjọ́ pípẹ́ sì gbọ́ pé ó wà níbi tí kò ti lè sá. Olórí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún mọ́kànlá pé kó bá òun wá iṣẹ́ fún àna òun wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀ròyìn kan yọrí lójú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni oní-òtẹ́ẹ̀lì rọra sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀kùn pé kó má dìde o, ibi tó jókòó sí dára.

Lẹ́yìn náà ni Màmá Brigita dé ojú fèrèsé. Ní àfonífojì wọn, ẹni tó bá mú ìlérí ṣẹ ni wọ́n ń fún ní wàràkàṣì tí wọ́n ti fi pa mọ́ sínú ihò àpáta fún ọdún mẹ́ta. Bí ó bá ṣe rùn tó ni iyì rẹ̀ tó.

“Bàbá Lena, mo gbọ́ pé inú ń run yín. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìdúpẹ́ wa rèé.”

“Màmá, ẹ gbé e padà. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan.”

“Ẹ óò ṣe é. Mo mọ̀ yín.”

Ó gbé e sójú fèrèsé, ó lọ jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wòran.

Oṣù kẹjọ ni, ìgbà ooru tiwọn níbẹ̀, oòrùn mú. Eṣinṣin ilé ló kọ́kọ́ dé, eṣinṣin màlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn ńlá aláwọ̀ ewé tó ń kùn bí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọládòkun búra pé àwọn mìíràn wá láti orílẹ̀-èdè kejì láìgba ìwé ìrìnnà. Ọ̀kan wọ apá ẹ̀wù Brankel. Méjì wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ó já ilẹ̀kùn ṣí, ó fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó fò kọjá lórí ọkùnrin tó ń wáṣẹ́ fún àna rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sá lọ síbi kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, ìyẹn orí àga rẹ̀. Aago dún tán. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti àwọn eṣinṣin.

Olórí ilé ní, “Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ kí a tì í, ẹ nawọ́.”

Ńlá aláwọ̀ ewé kan bà lé Brankel nímú. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè.

Láti ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni kò rí ọwọ́ yẹn rí. Akọ̀wé kà á: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde, ó ní eṣinṣin ni ọkùnrin náà ń lé.

Olórí ilé wá bi í pé, “Ọnọ́rébù Brankel, ìbò lẹ dì ni, àbí eṣinṣin lẹ ń lé?”

Brankel wo oní-òtẹ́ẹ̀lì láàárín àwọn òǹwòran. Ó wo Màmá Brigita, tó tẹ̀ síwájú, tó gbé ọwọ́ lé orúnkún, bí ẹni tó ń dúró de orí ọmọ. Ó la ẹnu. Títí dòní, kò sí ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ sọ, nítorí pé eṣinṣin wọlé síbẹ̀. Ó gbé e mì, orí rẹ̀ sì mì sókè sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ó ti gbà pé ìbò ni,” ni olórí ilé wí, ó sì lu tábìlì.

Ilé ìgbẹ̀bí ṣì wà níbẹ̀. Brankel kò tún díje mọ́. Lọ́jọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, ó dúró níwájú Ọládòkun, tó ń nu ilẹ̀ lọ́wọ́.

“Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi ń sá wá síbí, nǹkan kan ò ṣe mí. Kí ló dé tí tọjọ́ yẹn fi rí bẹ́ẹ̀?”

Ọládòkun fi ọ̀pá ìnulẹ̀ ti ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, nítorí àgbà ni wọ́n.

“Tótó ṣe bí òwe o, Bàbá. Bí ènìyàn bá pẹ́ lórí imí, eṣinkéṣin á bá a níbẹ̀.”