Àlàmú Kò Jẹun

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, kó o tó sunkún ọmọ tí kò jẹun, kọ́kọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò? Ara Àwẹ̀ró ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ jókòó dáadáa.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró bí, Àlàmú, ọmọ ọdún méjì. Ọjọ́ kan ni ọmọ yìí bá pa ẹnu dé. Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀kọ wá, ó yíjú. Ó gbé ẹ̀wà wá, ó tì í dànù. Ehín ló ń yọ sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì péré, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ò mọ̀. Òun náà ò wá lè gbé òkèlè mì mọ́. Abiyamọ wo ló ń jẹun lójú ọmọ tí ebi ń pa?

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́ lóko. Ó ránṣẹ́ pé bí òun bá dé lọ́jọ́ ọjà tí ọmọ ò tíì jẹun, òun á gbé e lọ. Ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára Àwẹ̀ró. Ló bá ń ti ojúlé dé ojúlé nínú agboolé, ó ń sunkún.

Àánú rẹ̀ ṣe àwọn ará agboolé. Tí Àwẹ̀ró bá ti kẹ̀yìn, Ìyá Alákàrà á pe Àlàmú, á kó àkàrà fún un. Bàbá Alágbẹ̀dẹ á bu iṣu sísun fún un. Wọn ò jẹ́ sọ, kó má di pé wọ́n ń fi ìyá ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ ọmọ bọ́. Àlàmú á délé, á pa ẹnu dé. Àwẹ̀ró á tún sunkún lọ sí ojúlé mìíràn, àwọn yẹn náà á gbé abọ́ jáde.

Ọjọ́ ọjà pé. Ìyá àgbà dé, ó nasẹ̀, ó gbé Àlàmú lé itan, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá kóun rọ ọ́. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ìyá àgbà tẹ ikùn ọmọ. Ó tún un tẹ̀.

"Ìyàwó, ọmọ yìí yó."

"Ìyá mi, ó pé ọjọ́ mẹ́fà tó ti jẹun kẹ́yìn."

Ni Àlàmú bá gùfẹ̀. Òórùn àkàrà gba gbogbo yàrá. Ìyá Alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń wo ilẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní kò kan òun o, iṣu ni tòun.

Àwẹ̀ró fẹ́ fi ìbínú dìde, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ìyá àgbà tẹ ikùn tirẹ̀ náà wò: ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ló bá sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbé ìyá ọmọ lé itan, ó fọwọ́ dí i lẹ́nu bí ẹni ń rọ ìkókó, ó da ẹ̀kọ sí i. Àlàmú dúró tì wọ́n, ó lanu, ó ní tòun ńkọ́.

Ìyá àgbà nìkan ló padà sóko. Gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà ló ń sọ fún: kó o tó sunkún ọmọ tí kò jẹun, kọ́kọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò. Tó o bá tẹ tiẹ̀ tán, kó o tẹ ti ìyá rẹ̀.