Fílítà Iná Tí A Ta Òróró Sí

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Port Harcourt, ọjọ́ tí a ta òróró sí fílítà iná kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọlọ́run ṣeun tí mo wà láàyè láti ròyìn rẹ̀.

Ilé mi ní Woji ni àwa Yorùbá inú ìjọ wa ti máa ń ṣe ìpàdé àdúrà ní Ọjọ́bọ̀, nítorí èmi nìkan ni mo ní ẹ̀rọ orin tó ní sípíkà gíga méjì. Mo máa ń sọ pé fún ògo Ọlọ́run ni. Ká má purọ́, ògo tèmi náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Àfi bí sípíkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ilé oyin. Bí Pásítọ̀ bá ní ká dákẹ́ níwájú Olúwa, gbogbo wa á dákẹ́, sípíkà á máa bá tirẹ̀ lọ. A gbàdúrà lé e lórí, kò gbọ́. Ni Bọ̀ọ́dà Káyọ̀dé tó ń gbé Amadi-Ama bá ní òun náà ti ra ẹ̀rọ tuntun; bí tèmi bá tún kùn, kí ìpàdé kúkú máa bọ̀ nílé òun.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ sọ pé iná wa ló dọ̀tí, pé fílítà kan wà tó ń sẹ́ ẹ bí asẹ́ ṣe ń gba èérí ògì. Mo forí lé ọjà Oil Mill. Ọkùnrin tó ń tà á gbé méjì kalẹ̀, ńlá tó wọ́n àti kékeré tí apá mi ká.

"Oga, your house get earth wire?"

N kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "God dey."

Ó wò mí títí. "If God dey, carry the small one."

Mo gbà pé ìmísí ni.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, kò síná. Ìyá Ìjọ rí àpótí fílítà kékeré náà níbi tí mo so ó mọ́ ògiri, tí ẹ̀rọ orin ń gba inú rẹ̀ mu iná. Láàárín wa, ẹnikẹ́ni kì í lo ohun tuntun láì kọ́kọ́ yà á sí mímọ́.

"Bàbá Tolú, ẹ ò ní ká ta òróró sí i?"

Ìyàwó mi ní, "Ìyá, nǹkan iná ni o."

"Ìyá Tolú, ìgbàgbọ́ rẹ dà?"

Èmi tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, àmín ni mo ṣe. Ìyá ta á ní orúkọ Baba, ó ta á ní orúkọ Ọmọ, ó sì wá ṣe ti Ẹ̀mí Mímọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ihò wẹ́wẹ́ wà lórí àpótí náà. Òróró rí ọ̀nà.

A ń kọrin ìyìn lọ́wọ́ ni iná dé. Ó dún gbàù. Èéfín bo pálọ̀, ó ń ta sánsán bí ẹni ń dín àkàrà. Nígbà tí ojú là, abẹ́ tábìlì mi ni Bọ̀ọ́dà Káyọ̀dé wà. 

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá Tolú, ẹ gbọ́? Kò kùn mọ́."

Gbogbo ilé ní, "Àmín."

Kò kùn mọ́ lóòótọ́, kò sì kọrin mọ́ títí dòní. Amadi-Ama ni a ti ń ṣe ìpàdé báyìí, èmi ni mo sì ń bá wọn to àga. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra fílítà tí kò wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ilé yín ní wáyà tó wọlẹ̀, èyí tí ọlọ́jà pè ní earth wire, torí inú ilẹ̀ ló ń da ìdọ̀tí iná sí. Mo bi lánlọ́ọ̀dù mi lẹ́yìn náà. Ó ní kò sí irú ẹ̀ nílé òun rí. Bí ẹ bá sì fẹ́ dúpẹ́ lórí rẹ̀, ẹnu nìkan tó, ẹ má ta òróró. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ ẹ má wo ojú mi.