Ògiri Tó Ti Inú Fóònù Wá

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá kì í ṣe ti ilẹ̀, kì í ṣe ti ìyàwó. Ògiri ló fà á. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló pe bíríkìlà rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ń kọ́lé kí ìyá rẹ̀, tí kò lè fẹsẹ̀ rìn mọ́, lè wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ayàwòrán ilé ń gbé ìlú kan, káfíńtà wà ní òmíràn, bíríkìlà nìkan ló wà níbi iṣẹ́. Inú gúrúùpù orí fóònù ni gbogbo wọn ti ń pàdé.

"Kábíyèsí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ tọ́jú ìyá mi. Ìgbà tí mo dé, ògiri kan ti dábùú pálọ̀, ó rí wọ́kuwọ̀ku bí ipa ejò. Kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti ìyá mi kò ní lè dé balùwẹ̀."

"Bíríkìlà, ta ló ní kí o mọ ọ́n?"

"Àwòrán ni, Kábíyèsí. Ẹ wò ó."

Ó na fóònù sí wọn. Àwọn ìjòyè korí jọ. Ògiri náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, láti igun dé igun. Ìjòyè kan fi èékánná họ ọ́.

"Kábíyèsí, ojú fóònù yìí ló sán, kì í ṣe ògiri."

Nọ́ọ̀sì rò pé ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni bíríkìlà wí, ojú kò tì í. "Ṣùgbọ́n mo ya fọ́tò rẹ̀ sí gúrúùpù, mo bi wọ́n bóyá ó dáa. Káfíńtà na àtàǹpàkò sí i pé ó dáa."

Káfíńtà, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè wá, dìde. "N kò rí fọ́tò kankan."

"O kò rí i, o sì na àtàǹpàkò sí i?"

"Mo rí i fìrí, Kábíyèsí. Mo rò pé ọgbà ni. Ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀ ni mo máa ń nà án sí. Ìbọ̀wọ̀ ni."

"Òótọ́ ló sọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìgbà tí mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá mi ṣubú, àtàǹpàkò mẹ́ta ló fi ránṣẹ́."

Wọ́n pe ayàwòrán lórí fóònù.

"Kábíyèsí, ó tó oṣù méjì tí mo ti pa ohùn gúrúùpù yẹn. Àtàǹpàkò káfíńtà ti pọ̀ jù."

Kábíyèsí mi kanlẹ̀.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àtàǹpàkò lẹ̀yin fi ń ṣọ́ ilé onílé. Bíríkìlà, wó ògiri náà ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kí o máa ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan sí gúrúùpù. Mélòó ni?"

"Igba ó lé mẹ́rìnlá, Kábíyèsí."

"Ayàwòrán, o ó pè é lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, o ó fẹnu ara rẹ sọ pé o rí i. Ní ti káfíńtà, ẹ fi aṣọ di àtàǹpàkò rẹ̀ títí ilé yóò fi parí. Láti òní lọ, kẹ̀kẹ́ ìyá àgbà ni àwòrán ilé. Kí wọ́n máa tì í káàkiri. Ibi tó bá ti há, ẹ wó o."

Nọ́ọ̀sì dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ẹ̀rín ló mú un gbàgbé ìkúnlẹ̀. Ó bọ́ síta, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, Kábíyèsí ti fi yín ṣe ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́."

"Ó ti yẹ kí wọ́n bi mí tẹ́lẹ̀," ni ìyá náà fèsì. "Nínú fọ́tò tí o fi hàn mí, fèrèsé wọn náà ga jù."