Bàbá Ó-Tọ́ Tún Igi Họ́kì Wa Ṣe

Aago mẹ́rin ni àṣekágbá ìdíje họ́kì àwọn obìnrin àgbáyé. Aago méjì ni mo lọ gba igi wa lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi.

Káfíńtà ni wọ́n. Bàbá Ó-Tọ́ là ń pè wọ́n, torí ojú wọn kì í gba ohun tó wọ́. Tí wọ́n bá wá kí yín nílé, tí àwòrán yín fì díẹ̀ lára ògiri, omi ò ní lọ lọ́fun wọn àfi tí wọ́n bá tún un ṣe.

Èmi ni mo ń tọ́jú ẹrù ikọ̀ wa. Mo ti gbàgbé ìbọ̀sẹ̀ gbogbo wọn sínú bọ́ọ̀sì nígbà kan, kóòṣì sì ti kìlọ̀: "Àṣìṣe kan péré sí i, ilé yá."

Iṣẹ́ tí mo gbé fún Bàbá ò ju kí wọ́n kun igi mẹ́rìndínlógún ní fáníìṣì.

Fáníìṣì lásán!

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù. Igi to sára ògiri, wọ́n ń dán.

Gbogbo wọn tọ́ ṣánṣán.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ họ́kì, ìsàlẹ̀ igi rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí etí ife. Ibẹ̀ la fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

"Bàbá, ibi tó tẹ̀ yẹn dà?"

"Háà, ìwọ náà rí i?" Inú wọn dùn. "Gbogbo ẹ̀ ló ti wọ́! Ẹni tó tà á fún yín ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo ti gé e dànù."

"Ẹ gé e?!"

"Ayùn tuntun ni mo fi gé e. Àbí kò dán tó ni?"

Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àmọ́ lọ́jọ́ náà ẹkún ni mo sun.

"Bàbá, wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lónìí!"

"Ta ló máa lé ọ? Jẹ́ ká jọ lọ. Màá ṣàlàyé fún wọn." Wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ wọn.

A dé pápá. Balógun ikọ̀ wa mú igi kan, ó gbá bọ́ọ̀lù.

Fìììì!

Bọ́ọ̀lù ò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Kóòṣì wo igi. Ó wò mí. Ó tún wo igi.

"Ilé yá," ó ní.

Mo yíjú wo Bàbá, kí wọ́n wá ṣàlàyé. Mi ò rí wọn. Àwọn alátakò wa ń ya fọ́tò lórí pápá, yàrá wọn ṣófo, àmọ́ ìró kan ń jáde látinú ẹ̀.

Hàrà! Hàrà! Hàrà!

Mo sáré wọlé. Bàbá ń nu òógùn, igi tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ wọn.

"Tàwọn wọ̀nyí ló tiẹ̀ burú jù," wọ́n ní. "Mo ti bá wọn tún un ṣe. Wọn ò ní láti dúpẹ́."

Rẹfirí wo igi tiwa, ó wo tiwọn. "Ó dọ́gba," ó ní, ó sì fọn fèrè.

Odidi wákàtí kan! Obìnrin méjìlélógún ń na afẹ́fẹ́, bọ́ọ̀lù dúró sójú kan náà.

Òdo sí òdo ló parí sí, rẹfirí sì ní kí ikọ̀ méjèèjì jọ gba ife ẹ̀yẹ. Àwọn tó fi mẹ́sàn-án sí òdo lù wá lọ́dún tó kọjá o! Kóòṣì dì mọ́ mi, ó dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá gbé ife náà fún Bàbá pé kí wọ́n bá wa dì í mú fún fọ́tò.

Bàbá yí ife náà síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọ́n fojú sun etí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n mi orí.

"Ẹ bá mi gbé àpótí yẹn wá."